Wọ́n fún yín ní máìkì: bí ẹ ṣe lè múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí àwọn òṣèlú tó mọ̀ ọ́n sọ

Wọ́n pè yín síbi ìpàdé àwọn ọmọ ìbílẹ̀, tàbí ẹ ń du ipò káńsẹ́lọ̀, tàbí wọ́n fi yín ṣe alága ọjọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún yín. Ẹ fi mẹ́fà kí àwọn tó jókòó síwájú, ẹ fi méjì ṣàlàyé pé ẹ ò ní gba àkókò wọn. Kí kókó ọ̀rọ̀ tó jáde, àwọn èèyàn ti ń wo fóònù, atọ́kùn ètò sì ti ń rìn bọ̀ wá gba máìkì. Kì í ṣe pé ẹ ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ìgbà tí máìkì dé ọwọ́ yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Àwọn òṣèlú tí a máa ń sọ pé wọ́n bí ọ̀rọ̀ mọ́ wọn, ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń parí iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde. Iṣẹ́ ilé yẹn ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Ẹ lè má fẹ́ràn ìṣèlú àwọn kan nínú wọn. A ò bá ìyẹn wá, ọgbọ́n ẹnu wọn la wá kó.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé àti bírò. Ẹ má tíì gbé fóònù, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, tó sì lè ka ìṣẹ́jú. Àkókò tirẹ̀ ń bọ̀.
- Bébà líle mẹ́rin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
- Ẹnì kan tí kò ní tijú láti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yín ò dùn. Ẹ má lo ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ yín.
- Ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ ọ̀la ni, ẹ fo ìgbésẹ̀ karùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ má fo ìkẹrin.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bi ẹni tó pè yín ní ìbéèrè mẹ́ta

Ìṣẹ́jú mélòó ni? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ta ló sì tẹ̀ lé mi? Èdè wo ló yé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn? Ìbéèrè kẹta yìí kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston nìkan, níbi tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ti lè gbọ́ ìkíni kí wọ́n má gbọ́ ìyókù. Ní Ìbàdàn gan-an, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ fún àwọn ìyálọ́jà kọ́ lẹ máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láìfi "mo rò pé" kún un? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n padà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá gbólóhùn kan tí wọ́n á gbé relé

Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ ní 1978, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkùnrin tó fẹ́ràn ìṣirò ni. Ó lè ka iye owó àti iye ọmọ ilé ìwé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, nǹkan mẹ́rin péré ló gbé jáde fún ará ọjà: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ìdàgbàsókè ìgbèríko. Àwọn tó dàgbà nígbà náà ṣì lè kà á lórí bí àdúrà. Ìṣirò wà nílé fún ẹni tó bá fẹ́ jiyàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló jáde sí gbangba.

Ẹ tún wo Abẹ́òkúta, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2022. Bọ́lá Tinúbú sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC, ṣùgbọ́n "èmi lókàn" nìkan ló fi gbọ̀ngàn náà sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ẹ sọ ọ́ di orin, àwọn tí kò fẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tó lè ní òun ò gbọ́. Bí ẹ ò bá fúnra yín yan gbólóhùn tí wọ́n máa gbé lọ, èrò á bá yín yàn án, ó sì lè jẹ́ ibi tí ẹ ti ṣì sọ ni wọ́n á mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á kọ orí ọ̀rọ̀, wọ́n á rò pé àwọn ti kọ gbólóhùn. "Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ètò ẹ̀kọ́" ò tíì sọ nǹkan kan. "Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa ti ṣí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa" ni gbólóhùn: ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe náà wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ẹnì kan tó ń dáná tàbí tó ń fọ mọ́tò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá bi í pé kí lẹ sọ. Bó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún un sọ, tí kókó rẹ̀ ò sì yẹ̀, ó ti jinná.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ́ fún etí

Ní oṣù kẹrin ọdún 1904, Winston Churchill, tó padà di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Àṣà rẹ̀ ni kó há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí. Lọ́jọ́ náà, ó sọ̀rọ̀ dé ibì kan, okùn já, kò rí ìyókù mọ́, ó sì padà jókòó lójú gbogbo wọn. Láti ìgbà yẹn, kì í dìde láìsí ìwé lọ́wọ́. Ìwé náà kì í rí bí ìwé lásán. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kéékèèké bíi ti Sáàmù, kí ojú lè tètè rí ibi tí èémí máa dúró sí. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1940, tó ti ń tún "a óò jà" sọ léraléra, ní etíkun, ní pápá, ní ìgboro, orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń kọ ọ́:

"Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní àdúgbò wa, èyí tí púpọ̀ nínú wa lọ nígbà tí a wà ní kékeré, ti bọ́ sínú ipò tí kò bójú mu látàrí òrùlé rẹ̀ tí ìjì ti bàjẹ́, ó ṣe pàtàkì kí a fọwọ́sowọ́pọ̀ láti rí i dájú pé a wá ojútùú sí i."

Ẹ kà á sókè. Èémí á tán lẹ́nu yín kí òrùlé tó ṣí. Ọ̀rọ̀ kan náà rèé bí a bá kọ ọ́ fún etí:

Ìjì ti ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa. /
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ a, b, d. /
Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti kọ́ ọ. //
Lónìí, tí òjò bá ṣú, /
olùkọ́ á ní káwọn ọmọ máa lọ sílé. //
Páànù ló kù. /
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ilà kan (/) túmọ̀ sí pé kí ẹ mí. Ilà méjì (//) túmọ̀ sí pé kí ẹ dákẹ́, kí ẹ ka ení, èjì nínú, kí ẹ tó máa bá a lọ. Ẹ wò ó pé kò sí "ó ṣe pàtàkì" níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tí òjò lé lọ sílé ti sọ bó ṣe ṣe pàtàkì tó.

Ìdí tí mo fi ní bírò rèé. Bọ́tìnnì fóònù ọ̀pọ̀ wa ò ní àmì ohùn, àwọn akọ̀wé sì máa ń tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lórí pèpéle á ka "ìlú" bí "ìlù", á kà á tán kó tó mọ̀, ẹ̀rín á sì ti bẹ́ lẹ́yìn. Kò pọn dandan kí ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ fi sí èyí tó bá lè yí padà lẹ́nu yín.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Bí "empowerment" bá ti ń bọ̀, ẹ dúró, ẹ bi ara yín pé kí gan-an lẹ fẹ́ fún wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni àbí ẹ̀rọ ìlọta? Èyí tó bá jẹ́ ni kí ẹ sọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kà á sókè lórí ìdúró. Ìlà tó bá gbà ju èémí kan lọ, ẹ fọ́ ọ sí méjì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gé e kù

Gettysburg ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1863. Edward Everett, ògbóǹtarìgì asọ̀rọ̀ ìgbà náà, sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Ààrẹ Abraham Lincoln dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ nǹkan bí 270 ọ̀rọ̀, ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì, Everett fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí i pé inú òun ìbá dùn bí òun bá lè fi wákàtí méjì súnmọ́ kókó ọ̀rọ̀ tó bí Lincoln ṣe fi ìṣẹ́jú méjì súnmọ́ ọn. Àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà ṣì ń há ti Lincoln sórí.

Ẹ wá gbọ́ ti William Henry Harrison. Nígbà tí wọ́n ń búra fún un gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1841, ó sọ ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọ̀rọ̀ nínú òtútù, kò wọ ẹ̀wù òtútù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Daniel Webster, òṣèlú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti bá a gé e kù tẹ́lẹ̀ o! Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó kú. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ gígùn ló pa á, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó lè sọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀ fún yín lónìí.

Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, méje ni kí ẹ múra. Àtẹ́wọ́, onílù àti máìkì tó ń hó á jẹ mẹ́ta tó kù. Ẹ kọ́kọ́ gé ibi tí ẹ ti ń yin ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìtàn bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí akọ̀wé á ti kà á. Ẹ gé àpẹẹrẹ kejì, kí ẹ fi èyí tó dùn jù sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gé ìtàn ọmọ tí òjò lé, wọ́n á wá fi gírámà sílẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ ṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tan aago fóònù, ẹ kà á bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú méje, ẹ padà síbi gígé. Ẹ má sọ pé ẹ máa sáré sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn òwe àti ẹ̀fẹ̀

Ibí yìí ló dùn jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́ jù.

Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Prímíà Ìwọ̀ Oòrùn, jẹ́ oníròyìn àti agbẹjọ́rò kó tó dé ipò, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ àti àkànlò èdè Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn àgbà ṣì ń sọ títí dòní. Ó lè fi àwàdà kan tú àlàyé ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti alátakò ká. Síbẹ̀, ẹ rántí 1965: èsì ìbò ọdún náà kò wọ àwọn èèyàn létí, rògbòdìyàn wẹ́tíẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sun ilé kiri. Ẹ̀fẹ̀ á mú kí wọ́n gbọ́ yín. Kò ní mú kí wọ́n gbà yín gbọ́ bí wọ́n bá ti ní ẹ̀hónú lọ́kàn.

Bọ́lá Ìgè, gómìnà Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti 1979 sí 1983, ní ọgbọ́n mìíràn: ó máa ń sọ nǹkan ní orúkọ tí ojú lè rí. Ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún tí ìjọba Abacha fọwọ́ sí, ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀ ló pè wọ́n. Ẹni tí kò ka ìwé ìròyìn rí mọ ohun tó ń sọ. Ní tèmi, n ò ní fi àìsàn ẹlòmíì ṣe àfiwé lónìí, ìwọ̀sí ni fún ẹni tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ̀nà rẹ̀: ẹ wá nǹkan tí wọ́n ti fojú rí, kí ẹ fi sọ èyí tí wọn ò tíì rí.

M.K.O. Abíọ́lá máa ń kólòlò, òwe sì máa ń já geere lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé ìbò 12 oṣù kẹfà 1993, ó ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ ló wà nínú òwe kan yẹn. Òwe tó bá ń ṣiṣẹ́ tó báyìí, ẹ̀kan ṣoṣo ló tó.

Àwọn òfin díẹ̀ rèé. Ẹ má pa òwe tán kí ẹ wá máa túmọ̀ rẹ̀ fún Yorùbá, àfi bí àwọn ọmọ òkè òkun bá wà níjókòó. Bí àgbà bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì kéré sí wọn, ẹ ní "tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà" kí wọ́n tó fi ojú bá yín wí. Ẹ má fi ẹni tí kò ní máìkì ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá di dandan kí ẹ fi ẹnì kan ṣàwàdà, ara yín ni kí ẹ fi ṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yọ òwe kúrò, kí ẹ ka ìyókù fún ọ̀rẹ́ yín tí kì í tijú. Bí àlàyé bá dojú dé láìsí òwe, kò sí àlàyé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dánra wò sókè

Wọ́n máa ń sọ pé Martin Luther King kàn ṣí ẹnu ni ní Washington, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1963. Òótọ́ ni pé Mahalia Jackson, olórin ẹ̀mí, kígbe sí i pé kó sọ fún wọn nípa àlá náà, ó sì fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ àlá yẹn ní Detroit ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ibi tó dà bíi pé kò múra gan-an ló ti sọ rí.

Ẹ wọ bàtà, ẹ dúró, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ títí dé òpin, bó ti wù kó le tó. Ẹ fi ilà kékeré sàmì sí gbogbo ibi tí ẹ ti sọ "ṣé ẹ rí i" àti "bí mo ṣe ń wí". Margaret Thatcher, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, gba olùkọ́ tó kọ́ ọ bí ohùn rẹ̀ ṣe máa rẹlẹ̀. Joe Biden kólòlò ní kékeré, ó sì máa ń ka ewì níwájú dígí. Ohùn ṣeé tún ṣe.

Ẹ wá gbé bébà líle mẹ́rin yẹn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ pátápátá sórí ọ̀kan, gbólóhùn ìkẹyìn pátápátá sórí ọ̀kan, kókó ọ̀rọ̀ sórí méjì tó kù. Ronald Reagan, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, náà kì í fi irú bébà kékeré bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹ má há gbogbo rẹ̀ sórí o, ẹ rántí Churchill.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí wọ́n bá jí yín lóru, ṣé ẹ lè sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn láìwo bébà?

Ìgbésẹ̀ 7: Kí máìkì tó dé ọwọ́ yín

Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1990, tí Nelson Mandela jáde lẹ́wọ̀n, tó fẹ́ bá èrò sọ̀rọ̀ ní Cape Town, ó rí i pé òun ti gbàgbé ìgò ojú òun sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ti Winnie ìyàwó rẹ̀ ló fi kàwé. Nítorí náà: ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, ẹ yẹ ìgò ojú yín wò kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹ tètè dé. Ẹ bi atọ́kùn ètò pé ta ló wà níjókòó, kí ẹ kọ orúkọ àti oyè wọn bó ṣe tọ́. Bí Kábíyèsí bá wà níbẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó gba máìkì, kí ẹ kí wọn lóyè wọn, ẹ kí alága, lẹ́yìn náà kí ẹ ní "gbogbo ìjókòó pátá, mo kí yín ní ipò yín". Ó tó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ló ń mú ẹni tí kò dárúkọ bínú. Bí ọba bá wọlé nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ títí wọ́n á fi jókòó.

Onílù ńkọ́? Bó bá rí yín pẹ̀lú agbádá, á wá kì yín láàárín gbólóhùn tó dùn jù. Ẹ rán ẹnì kan sí i ṣáájú, kó fún un ní nǹkan, kó sì bẹ̀ ẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá jókòó ni kó lù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bébà mẹ́rin lápò, ìgò ojú lójú, omi nítòsí, onílù ti gba tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ó yá, ẹ sọ ọ́

Ẹ má gbá máìkì, ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń gbọ́. Ẹ dúró, ẹ wo èrò, ẹ mí, kí ẹ wá sọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta: ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá. Àwọn lẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Níbi ilà méjì, ẹ dákẹ́ lóòótọ́. Á dà bíi pé ó ti pẹ́ jù lójú yín, kò pẹ́ lójú wọn. Níbi ìsìnkú kan ní Charleston, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2015, Barack Obama dákẹ́ títí èèyàn fi lè rò pé ó ti gbàgbé ohun tó kàn kó tó gbé orin sẹ́nu, gbogbo ìjọ sì dìde gbè é. Ká ní kò dákẹ́ ni, orin yẹn ìbá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àyè.

Bí ẹnì kan bá kígbe láti ẹ̀yìn, ẹ má dá a lóhùn, òun ò ní ìṣẹ́jú tó ń lọ. Bí iná bá lọ, tí máìkì kú, ẹ sún síwájú, ẹ sọ gbólóhùn ìgbésẹ̀ kejì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró de jẹnẹrétọ̀. Ẹ má pariwo gbogbo ìyókù.

Ìparí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ohun tí wọ́n ti jẹ. "Ní ìparí" àkọ́kọ́, àtẹ́wọ́. "Ní ìparí" kejì, ìkùnsínú. Lọ́jọ́ ogún oṣù kẹrin ọdún 1964, Mandela dúró ní ilé ẹjọ́ ní Pretoria, ó sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó fi èyí tó wúwo jù sí ìkẹyìn: pé bó bá di dandan, òun ṣe tán láti kú fún ohun tí òun gbà gbọ́. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó. Ẹ sọ gbólóhùn ìkẹyìn, ẹ dá máìkì padà, ẹ lọ jókòó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, ẹ bi èèyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí yín pé, "Kí lẹ gbọ́ pé mo ní ká ṣe?" Bí méjì bá dárúkọ páànù àti ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó ti wọlé. Bí wọ́n bá kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín dùn gan-an, ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì padà sí ìgbésẹ̀ kejì nígbà mìíràn.